Ẹni tí Hàbíbátù Ń Pè Ní Tíṣà

Nígbà tí Matthew Fátókun fẹ̀yìntì kúrò ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí mọ́kànlá, ó padà sí Ìwó, ó sì jókòó. Jíjókòó yẹn gan-an ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ìgbà tó ti di olùkọ́, agogo ló ń sọ ibi tó yẹ kó wà fún un. Ní Ìwó, kò sí agogo mìíràn tó ń gbọ́ bí kò ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn náà kì í sì í ṣe òun nìkan ló ń pè. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti tú ilé adìyẹ palẹ̀, ó tún un kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ń gba ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà, ó ń fa igi pupa sí àṣìṣe wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Lydia ìyàwó rẹ̀ ló lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ nílé, tó ní kó jọ̀ọ́, kó wá mú ọkọ òun jáde.

Oyèlẹ́yẹ ti ṣe igbákejì ọ̀gá rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Nígbà tí Fátókun wọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n di mẹ́sàn-án. Bí oòrùn Ọjọ́bọ̀ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, wọ́n á mu tíì, wọ́n á jà lórí ohun tí ìwé ìròyìn kọ, wọ́n á ta ọpọ́n ayò kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú wọn á kọ́ àwọn yòókù ní ohun tí wọn kò mọ̀ rí. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ohun tí èèyàn ti fi ṣiṣẹ́ jẹun kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí yóò kọ́ ẹgbẹ́. Nítorí náà, Màmá Ọládùnní, tó ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lẹ rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́. Alùfáà Ṣàfíù, olùkọ́ èdè Lárúbáwá, kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gba afárá lọ́wọ́ oyin, oyin sì ta mẹ́ta nínú wọn.

Wọ́n bi Fátókun léèrè ohun tí yóò kọ́ wọn. Ó ronú títí, ó ní òun yóò fèsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Kò rí nǹkan kan. Ó yà á lẹ́nu pé bí wọ́n bá yọ ìṣirò kúrò lára òun, òun kò mọ ohun tó kù.

Ọdún 1958 ni ọ̀rọ̀ yìí. Ariwo ẹ̀kọ́ àgbà gba gbogbo ìlú nígbà náà, Màmá Ọládùnní sì dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ máa kọ́ àwọn ìyálọ́jà Ìwó ní ìwé kíkà àti oǹkà kíkọ. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni gbogbo wọn ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Màmá Ọládùnní wá ní òun gbọ́ nípa aláṣọ kan ní Kuta, Hàbíbátù lórúkọ rẹ̀, tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ tó ń ka àkọlé ara ìdì aṣọ tó bá ti Kánò dé, tó sì ń kọ iye ọ̀pá aṣọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Mẹ́fà nínú wọn ló wọ lọ́rì lọ sí Kuta ní ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n bá Hàbíbátù nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé rẹ̀, obìnrin tó sún mọ́ àádọ́ta ọdún, tó sanra níwọ̀nba, tó wé ìborùn funfun. Ó fún wọn ní àga, ó fún wọn lómi, ó ń ká aṣọ lọ bí Oyèlẹ́yẹ ṣe ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Oyèlẹ́yẹ dé ọ̀dọ̀ Fátókun, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Hàbíbátù.

Ó bèèrè bóyá Matthew Fátókun ni wọ́n ń wí. Fátókun ní òun ni. Obìnrin náà bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, eékún méjèèjì.

"Tíṣà," ó ní. "Tíṣà mi. Èmi ni Hàbíbátù, ti ìdí igi ìyeyè."

Fátókun ní kó dìde, ó ní kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin náà ti sọ ìtàn rẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun nígbà náà. Bàbá òun kò jẹ́ kí òun wọ ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́, ó bẹ̀rù kí wọ́n má baà yí òun lọ́kàn padà. Ẹ̀yìn ilé-ìwé lòun ti máa ń ṣa igi ìdáná, tí òun á dúró, tí òun á máa gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kígbe oǹkà. Tíṣà rí òun lọ́jọ́ kan, kò lé òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó pàdé òun nídìí igi ìyeyè pẹ̀lú èkùrọ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì. Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ́ òun. Ó ní ohun tí òun fi dé Kánò, tí òun fi dé Kàdúná, tí ẹnì kan kò fi rí òun rẹ́ jẹ rí, inú oṣù mẹ́jọ yẹn ló ti wá.

Àwọn ará Ẹgbẹ́ Ọjọ́bọ̀ ń wo Fátókun bí ẹni tó ń wo òkè tí wọn kò mọ̀ pé ó wà lẹ́yìn ilé wọn. Omi bọ́ lójú Màmá Ọládùnní.

Fátókun rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn ń fi ojú ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ti ṣe olùkọ́ ní Kuta. Ọdún 1921 ni, ọdún kan péré, ẹni ogún ọdún ni, kò tíì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Ó rántí ilé-ìwé náà, ó rántí òrùlé koríko rẹ̀ tó ń jò. Igi ìyeyè kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò rántí ọmọbìnrin kankan, kò rántí èkùrọ́, kò rántí ìrọ̀lẹ́ kan báyìí tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan lẹ́yìn tí wọ́n ti lu agogo. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Hàbíbátù ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi í lé orí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ìre. 

Nílé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún Lydia. Lydia gbọ́ ọ dé ìdí, ó bi í pé kí ni obìnrin náà tún sọ nípa tíṣà rẹ̀. Fátókun ní ó sọ pé tíṣà máa ń kọrin sí oǹkà, pé orin ni òun fi mọ ogún dé ọgọ́rùn-ún.

"Ẹ̀yin, Bàbá Dúpẹ́?" Lydia bi í. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í la ẹnu bí wọ́n bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ohun tí mo ń rò náà nìyẹn."

"Ẹ sọ fún un nígbà náà pé ó ṣì yín mú."

Ṣùgbọ́n Hàbíbátù dárúkọ rẹ̀. Orúkọ àti orúkọ bàbá. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dàrú mọ́ Fátókun lójú nìyẹn. Bí kì í bá ṣe òun, báwo ni obìnrin tí kò rí òun fún ọdún mẹ́tàdínlógójì ṣe mọ Matthew? Bí ó bá sì jẹ́ òun, níbo ni oṣù mẹ́jọ gbà lọ nínú orí òun? Bàbá tó bí i gbàgbé ayé kó tó kú. Ìgbàgbé náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbàgbé orúkọ oko rẹ̀, ó gbàgbé pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, nígbà tó yá ó ń kí Matthew ọmọ rẹ̀ bí àlejò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fátókun jókòó tì tábìlì, ó fa ìlà sí ìwé kan, ó ń kọ gbogbo ohun tó bá rántí nípa Kuta sí apá ọ̀tún, èyí tí kò dá a lójú sí apá òsì. Nígbà tí ó máa fi di ọ̀sán, apá òsì ti kún, ó ti yí ìwé sẹ́yìn. Ó tilẹ̀ ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀ kó tó rántí pé ọjọ́ Àìkú ni, tí Lydia ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé òun mọ̀. 

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Oyèlẹ́yẹ ní kí wọ́n fi ayò sílẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ ti wá olùkọ́ lọ sí Kuta láìmọ̀ pé olùkọ́ náà ń bá wọn mu tíì. Ó ní kí Ọ̀gá Fátókun dìde kó ṣàlàyé bó ṣe kọ́ ọmọ tí kò rí pátákó rí. Ẹni mẹ́jọ ló ṣí ìwé, tí wọ́n mú pẹ́ńsù dání.

Ó yẹ kó sọ òótọ́ níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n èwo gan-an ni òótọ́? Bó bá ní òun kọ́, bí ó bá wá jẹ́ òun ńkọ́? Ó dìde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wá sí i lẹ́nu. Ó ní ẹ̀wà lòun kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní mẹ́wàá-mẹ́wàá lòun ń tò ó. Wọ́n kọ ìyẹn náà. Màmá Ọládùnní gbé ojú sókè, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán an létí pé èkùrọ́ ni Hàbíbátù wí. Fátókun ní bẹ́ẹ̀ ni, èkùrọ́, ó ní ẹ̀wà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Oyèlẹ́yẹ bèèrè orin náà. Fátókun ní òun ti gbàgbé orin. Ó jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, bí wọ́n sì ṣe ń pàtẹ́wọ́ lọ ló ń ṣe é bíi pé ẹlòmíràn kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Kò lè gbé e ju ọjọ́ méjì lọ. Ní àárọ̀ Sátidé, ó dá wọ lọ́rì lọ sí Kuta.

Hàbíbátù fẹ́ tún kúnlẹ̀, Fátókun bẹ̀ ẹ́ pé kó má kúnlẹ̀. Ó sọ fún un pé òun ò rò pé òun ni tíṣà náà. Ó ní òun kì í kọrin, òun ò rántí, pé bóyá ó gbọ́ orúkọ òun níbòmíràn ni. Obìnrin náà kò bínú. Ó fi sùúrù bá a sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò yá sọ̀rọ̀, ó ní ọjọ́ ti pẹ́, pé ọmọ tí olùkọ́ ń kọ́ máa ń pọ̀, ẹni tí wọ́n ṣe lóore ló ń rántí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé nǹkan kan jáde nínú aṣọ tí ó fi wé e.

"Wàláà yín rèé," ó ní. "Ẹ tiẹ̀ wò ó."

Síléètì ni, igi yí i ká, etí rẹ̀ kan ti fọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ sára igi náà: M. FATOKUN. Hàbíbátù ní kò sí ìgbà kan tí òun dárúkọ tíṣà, Tíṣà ni gbogbo ọmọdé ń pè é. Lẹ́yìn tó lọ, tí kò sí ẹni tó kọ́ òun mọ́, òun ń wo ohun tó wà lára igi yẹn lójoojúmọ́, òun ń fi ìwọ̀nba lẹ́tà tí òun mọ̀ tò ó, títí ó fi di orúkọ lọ́jọ́ kan. Ó ní orúkọ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí òun fi ojú ara òun kà láyé. Nígbà tó yá, ọmọ ilé-ìwé kan sọ fún òun pé Matthew ni lẹ́tà iwájú yẹn dúró fún.

Fátókun gba síléètì náà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ orúkọ yẹn. Ó mọ ibi tí ọ̀bẹ ti yọ̀ nídìí lẹ́tà K. Ó sì rántí pé síléètì náà sọnù, pé òun wá a, pé òun bínú. Ẹni tó bínú sí ló wá yọ sí i lójú lẹ́yìn èyí, tòun ti ẹ̀wù kan ṣoṣo tó ní, tó máa ń fọ̀ lálaalẹ́.

Àwọn méjì ni wọ́n rán wá sí Kuta lọ́dún yẹn. Báwo ni ó ṣe gbàgbé? Inú yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Sunday Adéyẹmọ ni orúkọ èkejì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀, ó dúdú bíi tirẹ̀. Kì í sí nílé nírọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọbìnrin kan ló ń lọ bá lẹ́yìn ilé-ìwé, Fátókun sì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ kí àbùkù kankan kan òun. Nígbà tí alábòójútó àwọn ilé-ìwé wá yẹ̀ wọ́n wò, tó bi í bí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ń ṣe sí, ó dáhùn. Ó ní Sunday kì í sí nílé nírọ̀lẹ́. Ó ní wọ́n ní ọmọbìnrin kan ló ń lọ bá. Kò parọ́ kankan mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìwé dé pé kí Sunday kó ẹrù rẹ̀. Bí Sunday ṣe ń di àpótí, ó ní kí Fátókun má bínú, pé síléètì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ kan tó ṣì ń lò ó. Fátókun rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. 

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Hàbíbátù bó ṣe ń rántí rẹ̀, ó ń sọ èyí tó yẹ kó gbẹ̀yìn ṣáájú, ó tún ń padà sẹ́yìn. Obìnrin náà kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní eyín tó ní àlàfo nìkan ni òun rántí lójú tíṣà, pé òun sì ti rò pé àlàfo eyín máa ń dí bí èèyàn bá ń dàgbà. Lẹ́yìn náà ó bi í léèrè.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún wọn?"

"Èmi ni."

"Ẹ ò bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"N ò bi í."

Hàbíbátù mú aṣọ kan, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. "Ọdún mẹ́tàdínlógójì," ó ní, "tí mo bá kírun tán, orúkọ yín ni mò ń dá fún Ọlọ́run."

Kò ní kó jáde. Kò sì ní òun dárí jì í. Ó bu omi fún un, ó ní lọ́rì Ìwó kì í pẹ́ kọjá níbẹ̀, kó má jẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Fátókun mu omi náà láìmọ̀ bóyá omi àlejò ni tàbí omi ìdágbére. Títí ó fi dé Ìwó, ó ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lóríṣiríṣi. Ká ní òun kò sọ nǹkan kan, ọmọ náà ì bá ti mọ̀wé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tàbí bóyá kì í bá ti mọ orúkọ kankan kà, nítorí ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó ń dá kàwé ni pé olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ó gbìyànjú láti rò ó síhìn-ín, ó rò ó sọ́hùn-ún, kò dọ́gba. Àyà rẹ̀ tún fúyẹ́ díẹ̀ pé orí òun kò bàjẹ́, ojú sì tì í pé àyà òun fúyẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ ọ́ fún ẹgbẹ́. Ó dìde sọ ọ́, níbi tó ti dìde parọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Alùfáà Ṣàfíù ní ọ̀rọ̀ ọmọ ogún ọdún ni, pé ọmọdé ti ṣe gbogbo ènìyàn rí. Oyèlẹ́yẹ ń wo inú ife tíì rẹ̀. Kó tó di igbákejì ọ̀gá, òun náà ti ṣe iṣẹ́ alábòójútó ilé-ìwé rí, ó sì ti tẹ́tí sí irú ọ̀rọ̀ tí Fátókun sọ yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin.  Màmá Ọládùnní ló bèèrè pé kí ni kí àwọn ṣe sí gbogbo ohun tí àwọn kọ sílẹ̀ nípa ẹ̀wà. Fátókun ní kí wọ́n ya á.

"Àwọn ìyálọ́jà ṣì ń retí wa," Màmá Ọládùnní ní. "Ta ló máa wá kọ́ wa?"

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Hàbíbátù. Fátókun kò retí pé yóò wá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì tòun ti àpò èkùrọ́, ó kí gbogbo wọn lórí ìkúnlẹ̀, ó kí Fátókun náà bẹ́ẹ̀, kò kí i jù wọ́n lọ, kò sì kí i dín. Ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Olùkọ́ mẹ́sàn-án tó ti fẹ̀yìntì jókòó sórí ẹní, àwọn mìíràn ń mí hẹlẹ nítorí orúnkún. Kò fi oókan bẹ̀rẹ̀. Ogún ló kọ́kọ́ tò sílẹ̀, ó ní odidi nìyẹn. Ó mú márùn-ún kúrò, ó ní márùn-ún dín lógún, ẹ̀ẹ́dógún. Ó fi mẹ́rin nínú márùn-ún náà padà, ó ní oókan dín lógún. Ó ní bí ẹnu ìyá wọn ṣe ń kà á nílé ni tíṣà ṣe fi èkùrọ́ ṣe é, kó tó wá kọ ti òyìnbó sára wàláà. Bó ṣe ń tò ó ló ń kọ orin kan sí i, tí wọ́n ń gbè é.

Fátókun ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sọ oǹkà lédè Yorùbá láìbi ara rẹ̀ pé kí ló ń sọ. Ó gbé èkùrọ́ tirẹ̀, ó ṣì í tò. Ó tún un tò, ó tún ṣì í. Hàbíbátù wá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyálọ́jà lóṣù tó tẹ̀ lé e. Obìnrin mẹ́tàlélógún ló wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n fún Fátókun ní iṣẹ́ ṣíṣa èkùrọ́ tó bá bọ́ sílẹ̀, ó sì ń ṣe é.

Láàárín gbogbo èyí, ó ń kọ̀wé kiri. Ó kọ sí àwọn ìjọ, ó kọ sí àwọn ilé-ìwé àtijọ́, ó ń bèèrè Sunday Adéyẹmọ. Oṣù márùn-ún kọjá kí èsì kan tó ti Sáríà dé, láti ọwọ́ akọ̀wé ìjọ kan. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmọ bá wọn gbé pẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí rélùwéè ló ti ṣiṣẹ́. Ó máa ń kọ́ àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ní ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó kú ní ọdún 1949. Kò fẹ́yàwó.

Fátókun kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sunkún, kò mọ̀ bóyá òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lydia ní kó mú un lọ fún ẹni tó ni ín. Ó mú un lọ sí Kuta lọ́jọ́ kejì.

Hàbíbátù gba ìwé náà, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ méjì tí kò yé e. Nígbà tó kà á tán, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. Ó ní òun yóò pe àwọn alùfáà ní ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n ṣe àdúà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ ni, Ọlọ́run ni yóò mọ bí yóò ṣe gbà á.

"Sunday, ọmọ ta ni?" ó bèèrè. "Wọ́n á fẹ́ mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ ìlú ibo ni?"

 Fátókun mọ bí Sunday ṣe ń fọ ẹ̀wù rẹ̀ nínú igbá. Ó mọ̀ pé kì í jẹ ata púpọ̀, ó mọ ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó ronú Ṣakí, ó ronú Ògbómọ̀ṣọ́. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tí wọ́n jọ sùn nínú yàrá kan.

"N ò mọ̀," ó ní.

 Oníbàárà kan ti dé, obìnrin kan tó fẹ́ aṣọ ọ̀pá mẹ́wàá. Hàbíbátù fa ìdì aṣọ náà yọ, ó sì na etí rẹ̀ kan sí Fátókun pé kó bá òun di í mú. Fátókun dìde, ó di í mú. Hàbíbátù sì ń fà á lọ sápá ibi tí ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ wà, ó ń kà á sínú.